Ògbufọ̀ Láàrin Windows àti Linux

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò; ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Àwọn ènìyàn ń wí pé, “Ẹ fi Linux sí i, ọ̀fẹ́ ni.” Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ètò ìṣirò kan láti ọdún mẹ́jọ wá, tí ètò náà kò sì mọ ilé mìíràn ju Windows lọ, kí ni yóò ṣe?

Kò sí ètò tí ń dá iṣẹ́ ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá fẹ́ ṣí fáìlì, tàbí kí ó tẹ rìsíìtì jáde, ó ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ baálé, èyí tí í ṣe Windows tàbí Linux. Baálé kọ̀ọ̀kan sì ní èdè tirẹ̀. Nítorí náà ni ètò Windows ṣe ń dà bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú bí ó bá dé ọ̀dọ̀ Linux.

Ògbufọ̀ tí ó dúró láàrin wọn ni a ń pè ní Wine. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù orúkọ náà. Kò sí ọtí nínú rẹ̀. Àkékúrú ọ̀rọ̀ ni, tí ó ń wí pé Wine kì í ṣe afarawé. Nítorí kò kọ́ ayédèrú ẹ̀rọ kan sínú ẹ̀rọ, ṣe ni ó ń gba ẹ̀bẹ̀ ètò náà ní èdè Windows, tí ó sì ń ṣe é ní ọ̀nà ti Linux. Ọdún 1993 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Alexandre Julliard sì ti ń darí rẹ̀ láti ọdún 1994. Àwọn tí ń ṣe é kò rí ìwé tí a fi kọ Windows. Wọ́n ń bi Windows léèrè, wọ́n ń wo èsì rẹ̀, wọ́n sì ń kọ tiwọn tí yóò dáhùn bákan náà. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé wọ́n ní láti fara wé àṣìṣe Windows pàápàá, nítorí àwọn ètò kan ti gbójú lé àṣìṣe náà, bí a bá sì tún un ṣe, wọn kì yóò ṣiṣẹ́ mọ́. Abájọ tí ẹ̀dà 1.0 kò fi jáde títí di oṣù kẹfà ọdún 2008!

Ìyá wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu Windows kúrò ná. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn ìṣirò náà sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tí Linux àti Wine wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ètò náà dán an wò. Kí ó ṣí nìkan kò tó. Ẹ kọ gbèsè kan sínú rẹ̀, ẹ tì í, ẹ tún un ṣí. Ẹ tẹ rìsíìtì. Ẹ fi àpapọ̀ owó èṣí wé èyí tí ó wà lórí Windows. Bí ètò náà bá sì ní kọ́kọ́rọ́ kan tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ó tó ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe retí púpọ̀, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ṣòro fún Wine.

Bí kò bá gbà, lójú tiwa, ó sàn kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà wà lórí Windows 10 rẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ó sì máa ṣe ìṣirò nìkan, ju kí ìwé gbèsè ọdún mẹ́jọ ṣègbé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà ẹ kíyèsí àwọn ọmọ tí ń wí pé kòkòrò kọ̀ǹpútà kò lè dé orí Linux. Wine kì í ṣe ọgbà. Gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀, ó ń fi gbogbo ilé Linux han ètò Windows lábẹ́ orúkọ Z. Ohunkóhun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣí, ètò náà lè ṣí i, ó sì lè bà á jẹ́. Ètò ayédèrú tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.