Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Ọ̀rọ̀ tó gbòde láti Okokomaiko títí dé Ìbà láti bí ọjọ́ mélòó kan kò ju ti tíṣà kan lọ, tó ní òun fẹ́ kó ọmọ ẹgbẹ́ Sikáòtù 20 lọ sùn mọ́jú láàárín àwọn àpáta Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọn kò ní í sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Àgọ́ aṣọ ni wọn óò pa sáàárín òkúta, níbi tí kò sí ẹ̀rọ omi, tí kò sí iná mànàmáná. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lẹ́bàá títì wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ṣé alángbá lọmọ mi ni, tí yóò fi lọ sùn lórí àpáta?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló bí.

Ti tíṣà ni mo gbè. Ilẹ̀ tiwa ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, iyanrìn àti àbàtà ni. Òkúta tí àwọn ọmọ wa mọ̀ kò ju èyí tí típà já sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé. Bí tíṣà bá ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa òkè, tó sì ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó títí ẹfun fi tán, kò lè yé wọn bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀yìn lé e.

Àti pé àwọn baba wa kò ka irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ sí ìyà. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nílé, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, inú ihò àpáta ni wọ́n forí pamọ́ sí. Àwọn ará Ìdànrè ní tiwọn, orí òkè gan-an ni wọ́n tẹ ìlú wọn dó sí, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà sì wà. Láti 2007 ni òkè yìí ti wà nínú ìwé UNESCO, láàárín àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí gbogbo ayé kà sí ohun ìní ọmọ aráyé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni omi. Nígbà tí mo bi tíṣà pé mélòó ni omi tí wọn óò gbé, ó ní, “A óò rí ra lọ́nà, bàbá.” Ìdáhùn yẹn kò tó.

Ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, aṣálẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Joshua Tree, tí ìjọba ibẹ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1994. Àwọn àpáta ràbàtà-ràbàtà kún ibẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pàgọ́ sáàárín wọn. Jumbo Rocks lorúkọ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà, àyè àgọ́ ibẹ̀ lé ní 100, síbẹ̀ ẹ kò ní í rí ẹ̀rọ omi kan. Àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé gálọ́ọ̀nù kan lóòjọ́, ó kéré tán, kó sì di méjì bí yóò bá rìn púpọ̀. Gálọ́ọ̀nù tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí lítà 4.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ 20 àti àgbà 3 jẹ́ ènìyàn 23. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu lítà 4 lóòjọ́, lítà 92 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì 4 onílítà 25. Tí wọ́n bá lo ọjọ́ 2, ó di 8. Àtẹ̀gùn Ìdànrè sì lé ní 600! Mẹ́ruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi wọ àdúgbò wa kò ní í gbà láti gun ibẹ̀.

Nítorí náà, òru kan ṣoṣo ni kí wọ́n sùn. Kí wọ́n gun òkè nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé píọ̀ wọ́tà 8 tirẹ̀, èyí tó jẹ́ lítà 4. Kí wọ́n má gbé gàrí tàbí ìrẹsì lọ, omi ni méjèèjì ń mu. Búrẹ́dì, dùndú àti mọ́ín-mọ́ín ti tó. Tí orí bá ń fọ́ ọmọ kan, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kí wọ́n gbé e sábẹ́ ìbòòji, kí wọ́n máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kó má sì gun òkè mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, nítorí àpáta máa ń yọ̀ nígbà òjò, omi sì máa ń ya wá lójijì láti orí òkúta tí kò ní koríko. Àmọ́ koríko gbẹ nígbà ọyẹ́, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí iná dídá rárá. Kúbùsù ni kí wọ́n fi lé òtútù. Kí wọ́n gba àyè lọ́dọ̀ àwọn alábòójútó òkè náà kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n sì kó gbogbo ọ̀rá omi padà sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tó bá sì fi ọ̀dà kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àpáta, kí tíṣà jẹ́ kó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

Láàárọ̀, kí olúkúlùkù gbọn bàtà rẹ̀ dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Àkekèé fẹ́ràn ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́.