Kí Ẹni Tí Ó Ní Kọ́kọ́ Dá Tirẹ̀

Àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa, a sì rí i pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí etí wa nìkan. Ó ta gààrí rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti ra àwọn ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò kó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ó wọ ilé ìtajà ńlá kan, irú èyí tí iná ń tàn nínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí ó san owó tán, ṣéńjì rẹ̀ jẹ́ ₦350. Ọmọbìnrin tí ó ń gba owó kò tíì na ṣéńjì náà sí i tí ó fi bi í, ní ohùn tí gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́, pé: "Bàbá, ṣé kí a fi ṣéńjì yín ran àwọn ọmọ aláìníyàá lọ́wọ́?" Bàbá bojú wo ẹ̀yìn, ó rí ojú àwọn tí ó ń dúró dè é, ó sì ní kí wọ́n mú un. Bí ó ti ń jáde, ó rí àwòrán ńlá kan ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọ̀gá ilé ìtajà náà ti ń fa ìwé sọ̀wédowó gbàgàdà lé ìyá tí ó ń tọ́jú ọmọ òrukàn lọ́wọ́. Orúkọ ilé ìtajà náà ni ó wà lára ìwé ọ̀hún. Ìbéèrè tí bàbá bi wá nìyí: "Ṣé ₦350 tèmi wà nínú owó yẹn? Bí ó bá wà níbẹ̀, ta ni ó ṣe àwọn ọmọ náà ní oore, ṣé èmi ni tàbí àwọn?"

Àwọn mìíràn lè rò pé ₦350 kò tó ohun tí ìwé ìròyìn ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ₦350 lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó gbé ẹrù, àti ẹni tí ó yẹ kí ó gba ọpẹ́ ni. Èrò tiwa kò fara sin: ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ èrè púpọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé igbá ọrẹ síwájú oníbàárà rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, tí ó sì ṣetán láti jíyìn ohun tí ó gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kò lòdì sí ọrẹ àánú. Láti Fìdítì dé Ìlọrà, láti Jọ́bẹ̀lẹ̀ dé Akínmọ̀ọ́rìn, kò sí ìlú tí kò mọ bí a ti ń dá owó ìlú. Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò dúró de ìjọba kí a tó fi ọwọ́ ara wa ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ ìkówójọ, alága àti àwọn ọlọ́lá ìlú ni a máa ń fi sí iwájú, àwọn ni a sì máa ń kọ́kọ́ pè. Ọlọ́lá yóò dìde, yóò dárúkọ iye tí òun mú wá, gbogbo ènìyàn yóò sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ àti àwa ará oko yóò mú tiwa wá. Akọ̀wé yóò kọ orúkọ oníkálukú sí ìwé, akápò yóò gba owó, wọn yóò sì ka ìṣirò náà sí etí ìgbọ́ gbogbo wa ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀lé e. Bí ọlọ́lá kan bá dìde ní ọjọ́ náà tí ó ní, "Ẹ̀yin ará oko, ẹ kọ́kọ́ dá tiyín ná, èmi yóò bá yín gbé e lọ, orúkọ mi ni a ó sì kọ sí ara ògiri," ẹ̀rín ni àwọn ọmọdé yóò fi lé e kúrò ní gbàgede. Ohun tí ilé ìtajà náà ṣe sí bàbá wa nìyẹn gan-an.

Àṣà yìí kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pennies ti ń bá àwọn ilé ìtajà ṣe é kí oníbàárà lè fi kọ́bọ̀ díẹ̀ kún owó ọjà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó fi ń san owó. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ìtajà Shoprite ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní Act for Change, tí oníbàárà lè fi ránńdì 5 sí ní ibi ìsanwó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ka irú owó bẹ́ẹ̀ sọ pé ní ọdún 2022, ìkówójọ 77 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú ju mílíọ̀nù kan dọ́là wọlé kó mílíọ̀nù 749 dọ́là jọ láti ọwọ́ àwọn oníbàárà. Owó ńlá ni èyí. Ó ń ra oògùn fún ọmọ tí ó ń ṣàìsàn, ó sì ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí ó bá ní oore kankan kò ti inú rẹ̀ wá, irọ́ ni ó ń pa.

Bákan náà, kí a má ṣe fi ẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni. Àwọn kan máa ń sọ pé nítorí kí ilé ìtajà lè dín owó orí tirẹ̀ kù ni ó ṣe ń gba owó ọrẹ ní ọwọ́ oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gba ilé ìtajà láyè láti fi ọrẹ oníbàárà yọ owó orí tirẹ̀, nítorí ọrẹ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ilé ìtajà ń rí jẹ níbẹ̀ ni orúkọ rere. Orúkọ rere sì sàn ju wúrà àti fàdákà lọ; òun ni ó ń pe oníbàárà padà ní ọ̀la. Nígbà tí ẹlòmíràn bá san owó orúkọ náà, aṣọ àyálò ni ilé iṣẹ́ wọ̀ lọ sí òde, aṣọ àyálò kì í sì í yẹ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é, nítorí àgbẹ̀ mọ ìṣirò. Èrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a kò sì fi ohun tí a fẹ́ sọ yìí bá ilé iṣẹ́ kankan wí. Ní ọdún 2024, báńkì Zenith àti ilé iṣẹ́ GTCO, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ èrè tí ó ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó orí. Ní ọdún kan náà, ní oṣù keje, ìjọba fi ₦70,000 ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́. Tírílíọ̀nù kan náírà tó láti san irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó ju 1,190,000 lọ fún odidi ọdún kan. Bí ilé iṣẹ́ tí ó jẹ irú èrè yìí bá mú náírà kan péré nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìníyàá, bílíọ̀nù 10 náírà ni yóò jẹ́. Kí àwọn oníbàárà tó lè fi ṣéńjì kó iye yẹn jọ, ó di ìgbà tí ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 28 bá fi ₦350 sílẹ̀ bí ti bàbá wa. Ta ni ẹrù náà fúyẹ́ fún jù nínú àwọn méjèèjì?

Oníbàárà pàápàá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìlú. Láti oṣù kejì ọdún 2020, náírà méje àbọ̀ ni ìjọba ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún náírà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà tí a ń rà. Bí a bá fi ₦10,000 ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn, ₦50 yóò tún kúrò níbẹ̀. Kí bàbá wa tó dé iwájú ọmọbìnrin tí ó béèrè ṣéńjì rẹ̀, ó ti dá owó fún ìlú.

Àwọn ọ̀nà tí ó tọ́ wà tí àwọn ilé iṣẹ́ lè gbà ṣe oore, a sì ti rí wọn. Láti ọdún 1993 ni òfin ti ń gba owó fún ètò ẹ̀kọ́ nínú èrè àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Náírà 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì di 3 ní ọdún 2023. Òfin owó orí tuntun ti ọdún 2025 sì pa á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn, ó fi sí 4. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó bá wọ yunifásítì ìjọba yóò rí orúkọ TETFund lára ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ MTN dá àjọ ìtọrẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2004, ó sì ṣe ìlànà pé títí dé náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún èrè òun lẹ́yìn owó orí ni yóò máa lọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà pàdánù ní ọdún 2023 àti 2024 nígbà tí iye náírà já wálẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò bi ẹni tí ó pàdánù léèrè èrè. Ìlànà bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé láti inú ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni ó ti ń jáde.

Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ dá tirẹ̀ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jíyìn pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ńlá pa owó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CACOVID, wọ́n sì ra oúnjẹ fún àwọn aláìní. Èyí yẹ fún ìyìn, nítorí pé àpò ara wọn ni wọ́n ti mú un. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó, ní Ẹdẹ àti ní ibi púpọ̀, wọ́n sì ru àpò oúnjẹ lọ. A kò gbè sí ẹ̀yìn ẹni tí ó já ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: nígbà tí ebi ń pa ará ìlú, tí kò sì mọ iye tí ó wà nínú ilé àti ọjọ́ tí a ó pín in, oore pàápàá yóò dà bí olè lójú rẹ̀.

Àwa ará oko ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 1954 ni Máàkẹ́tìǹgì Bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀ Oòrùn ti ń ra kòkó wa. Ó ń san iye kan fún àgbẹ̀, ó ń tà á ní òkè òkun, owó tí ó bá sì lé ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ Ilé Kòkó alájà 26 sí Dúgbẹ̀, tí ó parí ní ọdún 1965. A ń fi í yangàn títí di òní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, Ìgbìmọ̀ Coker ní láti jókòó wádìí bí wọ́n ti ná owó bọ́ọ̀dù náà àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn. Nígbà tí ó sì di ọdún 1968 àti 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde, wọ́n ní owó orí wúwo, owó kòkó kéré, ọ̀nà oko sì bàjẹ́. Ẹni tí ó ń mú owó jáde ti rẹ̀, nítorí pé wọn kò jíyìn fún un bí ó ti yẹ. Bí ìjọba tí a fi ìbò yàn bá ní láti jíyìn owó tí ó gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ṣé ilé ìtajà tí a kò fi ìbò yàn ni kò ní jíyìn?

Àwọn olóòótọ́ kan lè dá wa lóhùn pé, "Kò sí ẹni tí a fi ipá mú. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó sọ pé òun kò fẹ́." Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bi ní ìbéèrè àánú níwájú èrò, tí ojú ń wò ó láti ẹ̀yìn, ìtìjú ni yóò bá a dáhùn. Ọrẹ tí ìtìjú mú jáde kì í ṣe ọrẹ àtinúwá. Bí oore ni ilé iṣẹ́ ń wá nítòótọ́, kí ó gbé àpótí sí ibi tí ó hàn, kí ó kọ ohun tí owó náà wà fún sí ara rẹ̀, kí ó sì fi ẹni tí ó ń kọjá sílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó bá fẹ́ gba owó ọrẹ lọ́wọ́ oníbàárà. Èkíní, kí ó kọ iye tí òun fúnra rẹ̀ ti dá nínú èrè rẹ̀ sí gbangba, kí iye náà má sì kéré sí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Èkejì, kí ó fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí tí ó fi orúkọ ilé tí owó náà ń lọ hàn. Ẹ̀kẹta, kí ó lẹ ìṣirò mọ́ ibi ìsanwó kan náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde àti ẹni tí ó gbà á. Ẹ̀kẹrin, ní ọjọ́ tí a bá ń ya àwòrán, kí a kọ ọ́ sí ara ìwé sọ̀wédowó pé àwọn oníbàárà ni ó mú owó wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ọ jẹun àti àgbẹ̀ tí a ra ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, àwọn náà ní ọmọ. Oore tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó oṣù pípé àti iye ọjà tí ó tọ́ yóò dín iye ọmọ tí ó ń wá àánú kù. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe torí èyí di ahun. Ẹ máa ṣe ìtọrẹ fún ọmọ òrukàn, fún opó, àti fún aláìsàn tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ mọ ilé wọn, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá tún gbé igbá ọrẹ síwájú yín ní ilé ìtajà ńlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé: "Ẹ̀yin ńkọ́, èló ni ẹ ti dá?" Bí wọ́n bá ní ìdáhùn, ẹ bá wọn dá a. Bí wọn kò bá ní, ẹ gba ṣéńjì yín, kí ẹ sì máa bọ̀ wá sí ilé.