Ta Ni Ìbátan Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ọgbà Yunifásítì?

"Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ," ni àwọn àgbà máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́ nígbà tí oorun bá dá lójú rẹ̀, tí ìwé kò sì wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá yọjú sí dókítà ọpọlọ, aráyé yóò ní wèrè ń bẹ nínú ìran òun. Bẹ́ẹ̀ ìsoríkọ́ kì í ṣe wèrè. Àwọn olùkọ́ni pàápàá kì í sọ tiwọn. Ní 2022, tí ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ, tí ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró, ta ni ó bi wọ́n bí ọkàn wọn ti rí?

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní àpẹẹrẹ. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ilé àwọn àgbẹ̀ abúlé ìtòsí ni ó fi wọ̀ wọ́n sí. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo yìí kan náà ni ó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968.

Bí a bá wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú máa dá lọ sílé, ẹ̀kọ́ Aró ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Alájọgbé rẹ̀ ni ìbátan rẹ̀ nínú ọgbà. Òun ni ó yẹ kí yunifásítì kọ́kọ́ kọ́ ní àmì àárẹ̀ ọkàn, nítorí òun ló rí i pé oúnjẹ àná ṣì wà nínú àwo.