Òfin Tí A Kò Jọ Ṣe

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ta ni òfin yín wà fún? Ní 1989, ìjọba ológun fi Òfin 47 fún àwọn aláṣẹ lágbára láti pa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́. Ológun lọ ní 1999. Ṣé ìwà wọn náà ti lọ?

Ní Ìjerò-Èkìtì, àwọn ọmọ wa ń kọ́ iṣẹ́ ìlera. Lọ́la, àwọn ni yóò máa gba ará Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n níyànjú lórí ìmọ́tótó. Ẹni tí a kò bá gbìmọ̀ rí, báwo ni yóò ṣe bá ìlú gbìmọ̀?

A kò ní kí ọmọ joyè baba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò, kí wọ́n ṣírò owó ẹgbẹ́ wọn, kí aṣojú wọn sì jókòó níbi tí a ti ń ṣòfin. Òfin tí a jọ ṣe kì í wá olùṣọ́.