Eérú Kì Í Dípò Sìmẹ́ǹtì
Ó rọrùn fún atúmọ̀ èdè láti pe eérú èèpo ìrẹsì tí a ń pò mọ́ kọnkéré ní ‘eérú adípò-sìmẹ́ǹtì’. Orúkọ yìí ṣini lọ́nà. Eérú náà kò lè dá so yanrìn àti òkúta pọ̀. Bí sìmẹ́ǹtì bá pàdé omi, ó ń tú láìmù sílẹ̀. Láìmù yìí ni sílíkà inú eérú ń bá dàpọ̀ di ohun líle. Nítorí náà, nǹkan bí ìdá 10 sí 20 péré nínú 100 sìmẹ́ǹtì ni a sábà ń fi í rọ́pò.

Kì í sì í ṣe gbogbo eérú ni ó yẹ. Pọ̀tásíọ̀mù tí ó mú kí eérú èèpo kòkó dára fún ọṣẹ dúdú lè ba kọnkéré jẹ́. Èèpo ìrẹsì pàápàá, bí iná bá jó o ní àjójù, agbára sílíkà rẹ̀ a dínkù.

‘Eérú akún-sìmẹ́ǹtì-lọ́wọ́’ ni ó tọ́. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní ‘adípò’ lè kó eérú ààrò lọ sí ibi ìkọ́lé. Ìtumọ̀ tí ó wọ́ nínú ìwé a sì di ògiri tí ó wó.