Ojú irin àtijọ́ sàn fún orúnkún

Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu bíi tèmi, kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ wá lórí àwọn òkè Bristol? Ojú irin àtijọ́ tó lọ sí Bath ni kó gbà, máìlì 13. Rélùwéè kì í gun òkè ńlá, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi tẹ́jú. Láàárín 1979 sí 1986 ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Nínú ihò Staple Hill tí ọ̀nà náà gbà kọjá, bí oòrùn ń ràn bí ò ràn, òtútù á mú yín, omi á sì máa kán sí yín lọ́rùn. Ẹ sinmi ní Bitton lójú ọ̀nà, ẹ mu tíì.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sá eré àsápajúdé lọ síbi iṣẹ́ nìkan ló ń bí mi nínú. Ẹ lu aago, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ẹ jẹ́ kí màmá tó mú ajá dání kọjá!