Nígbà tí Ọyẹ́ Mú Wa ní Kúdẹtì

 

Ní Akanran tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, bí ọyẹ́ bá ti dé, ojú wa kì í tó ilé tí ó wà ní òdìkejì títì títí oòrùn yóò fi ga. Koríko a gbẹ, ewé kòkó a máa já, ọkàn àgbẹ̀ kò sì ní balẹ̀ nítorí iná oko. Nítorí náà ó ti di àṣà mi pé ní oṣù January, bí a bá ti jáde ní ilé-ìwé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo máa ń wọ ọkọ̀ gba Amúlókò lọ sí ìgboro Ìbàdàn, kí n lọ lo Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kúdẹtì.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, ṣé ọyẹ́ kò dé ìgboro ni? Ó dé ibẹ̀ púpọ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń fẹ́ bọ̀, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Eruku tí ó ti rin ìrìn báyẹn kò ní ṣàìdé Mápó nítorí pé ilé pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ìgboro ní alábàárò. Ilé fara ti ilé, alákàrà ti ń dín kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹlẹ́kọ wà nítòsí, èèyàn kò sì ní ṣàìrí ẹni bá jókòó.

Kúdẹtì fúnra rẹ̀ sì kì í ṣe àdúgbò kékeré. Ibẹ̀ ni David Hinderer, òyìnbó oníwàásù ọmọ Jámánì, àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Àwa tíṣà Ìbàdàn, bí a kò tilẹ̀ rántí, gbèsè wọn wà lọ́rùn wa.

Èlùbọ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba. Inú rẹ̀ a máa dùn sí ọyẹ́, nítorí ìgbà náà ni iṣu tí a bọ̀ fún èlùbọ́ ń yá gbẹ, tí kì í sì í bu. Bí mo bá ń ráhùn òtútù, á ní, "Tíṣà, fi ọyẹ́ sílẹ̀, oníbàárà mi ni."

Ní alẹ́ Sátidé tí mo ń wí yìí, a dá iná èédú sí àgbàlá, a sun iṣu sí i, a sì fi epo jẹ ẹ́. Àwọn ará ilé wá bá wa yáná: télọ̀ kan, awakọ̀ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú ọmọ wọn. Awakọ̀ náà sọ ìtàn iná tí ó jó Kòkó Háòsì, ilé àwòṣífìlà tí wọ́n parí ní 1965. Ó ní ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù January 1985 tí iná náà ṣẹ́ yọ, àwọn èrò tò sí títì, wọ́n káwọ́ lérí. Télọ̀ ní ọyẹ́ ni ó fẹ́ iná náà ràn, awakọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ariyanjiyan yẹn pa iṣu tí ó kù lórí iná jóná.

Nígbà tí gbogbo wa fẹ́ sùn, ẹyín iná ṣì ń pọ́n wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nínú ìdáná onírin náà. Kò rú èéfín mọ́. Èmi tíṣà, tí mo kàwé gboyè, ni mo gbé e wọ inú yàrá Ìyá kí ara òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè móoru. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo ti fèrèsé, mo sì ká àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Mo bọ́ sí pálọ̀, mo sì ń yọ̀ nínú ara mi pé mo ṣe oore.

Bí ilẹ̀ ti ṣú tó ni mo gbọ́ tí ọmọ náà ń bì. Mo ké sí Ìyá, kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́, obìnrin yìí á gbọ́. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ ń sunkún pé orí ń fọ́ òun. Ìyá kò mira. Mo pariwo, télọ̀ dé, a gbé àwọn méjèèjì jáde sí àgbàlá nínú òtútù tí mo ti ń lé lọ láti àṣálẹ́. Awakọ̀ ni ó wá ọkọ̀ tí ó gbé wa dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní atẹ́gùn mí. Ilẹ̀ ti mọ́ kí Ìyá tó béèrè ibi tí òun wà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí èédú bá ń jó níbi tí atẹ́gùn kò tó, afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Ohun tí ó sì tàn mí jẹ nìyẹn, nítorí mo rò pé ibi tí èéfín kò bá sí, ewu kò sí. Bí a bá fà á símú, á dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ju bí atẹ́gùn rere ti ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Orí á fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, bí ẹni pé ibà ni. Ẹni tí oorun bá ti gbé lọ kò ní mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Émile Zola, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ṣe kú ní Paris ní oṣù September 1902. Wọ́n dá iná sí yàrá kí ó lè móoru, ihò èéfín rẹ̀ dí, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Orí ni ó yọ aya rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìdáná èédú sùn síta, ìbáà ku ẹyín iná kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé, afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń tú jáde. Bí ẹ bá sì bá ẹni tí ó ti dákú, ẹ má dúró bu omi sí i lórí. Ẹ gbé e bọ́ síta ná, kí ẹ tó máa sáré ilé ìwòsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi a ti padà sílé. Ọmọ náà ń béèrè iṣu sísun. Ìyá wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ọmọ ọlọ́mọ tí ò ń kọ́ ní Akanran, ṣé bí o ti ń kọ́ wọn nìyí?" N kò rí èsì fọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó wọ ọkọ̀ padà, mo ra kúbùsù méjì fún un ní Ọjà Ọba. Ó ní àwọ̀ wọn kò wu òun, àti pé ẹni tí ó tà á rẹ́ mi jẹ.